Ìwé Olorì Tí Ẹ Fi Sílẹ̀ fún Jamilah

Ọdún mẹ́ta rèé, Bàbá wa, Ishaq Àlàdé, tí ẹ ti filé sílẹ̀ fún wa. Ọdún mẹ́ta! Ẹni tó bá rí wa lọ́jọ́ tí a sin yín kò ní gbà pé a tún lè pé jókòó ti abọ́ oúnjẹ kan, kí a tún máa fi ara wa ṣẹ̀fẹ̀. A ti jẹun, a sì ti ṣẹ̀fẹ̀. Ayé kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Lọ́dún àkọ́kọ́ àti lọ́dún kejì, inú ìwé ìròyìn la gbé ìrántí yín sí, pẹ̀lú fọ́tò tí ẹ ti gẹ fìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọkọ ìyàwó. Ti ọdún yìí ò ṣeé gbé síta. Ohun tí a ní láti sọ, etí yín nìkan ló wà fún. Bí a bá ti kà á tán níbi sàréè yín, ìyá wa ní òun ni òun ó fi í pamọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kó ìròyìn ayọ̀ fún yín ná. Ṣọ́ọ̀bù ìdìwé yín ní Bẹẹrẹ ò tì pa! Muhydeen, ọmọkùnrin yín, ló wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ yunifásítì ló ń kó iṣẹ́ wá jù, wọ́n á sì máa kánjú bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Ṣùgbọ́n àwọn ààfáà ṣì ń gbé Kùránì wọn tó ti tú wá, Muhydeen á fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán an bí ẹ ṣe kọ́ ọ. Páànù tó ń jò sórí ibùsùn ìyá wa, a ti pààrọ̀ rẹ̀. Ìyá wa fúnra rẹ̀, ẹni tí ẹ̀yin ń pè ní Sìdí, ti ń lọ sí Ọjà'ba padà. Bí a bá sì ṣẹ̀ ẹ́, orúkọ yín ló ṣì ń pè mọ́ wa, àfi bí ẹni pé ẹ wà ní yàrá tí ẹ fẹ́ mú pàṣán jáde.

Jamilah ọmọbìnrin yín náà ti di tíṣà! Ẹ̀kọ́ ìtàn ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé girama kan nísàlẹ̀ òkè Màpó. Inú yín ìbá dùn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ Jamilah yìí gan-an ló kó wa láyà sókè lọ́dún yìí, òun la sì fẹ́ rò fún yín.

Ẹ mọ bí ẹ ṣe tọ́ ọ. Bó bá ti ilé ìwé dé, ẹ ó ní kó ka ohun tí wọ́n kọ́ ọ nínú ìtàn sókè. Bó bá kà á tán, ẹ ó fa ìwé àròsọ kan yọ lórí pẹpẹ, ìwé ọba, ìwé ìjòyè, ìwé àwọn olorì tó ń sunkún nínú ààfin, ẹ ó ní kó ka ìyẹn tẹ̀ lé e. Ẹ máa ń sọ pé ìwé ìtàn ló ń sọ ibi tí wọ́n ti jà, ìwé àròsọ ló ń sọ ẹni tó sunkún. Ẹ ó wá nàka sí i pé kó má fi àròsọ jẹ́rìí níwájú ẹnikẹ́ni láéláé. Ti àkọ́kọ́ ló wọ̀ ọ́ létí jù.

Ó gbé àṣà yín yìí lọ sí kíláàsì rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀, ìwé ìtàn tí ìjọba fọwọ́ sí ni wọ́n á máa kà. Tó bá di Jímọ̀, kí wọ́n tó jáde, á ka orí kan fún wọn nínú ìwé ọba. Àwọn ọmọ tí wọ́n máa ń sùn lórí tábìlì wá di ẹni tó ń jà síjòókòó iwájú. Inú ọ̀gá ilé ìwé dùn sí i. Inú tiwa náà dùn, a ò mọ̀ pé iná la gbé sórí òrùlé.

Ìwé tó mú lọ ní sáà tó kọjá ni ìwé olorì aláwọ pupa yẹn, èyí tí ẹ máa ń gbé sókè téńté, tí ọwọ́ ọmọdé ò tó. Ẹ ní ikán ti jẹ ojú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀ kí ẹ tó dì í. Orúkọ ẹni tó kọ ọ́ ò sí níbẹ̀, orúkọ ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ náà ò sí. Orúkọ kan ṣoṣo tó wà lára rẹ̀ ni èyí tí ẹ máa ń tẹ̀ sẹ́yìn gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ yín: Ishaq Àlàdé, Bẹẹrẹ.

Ní kíláàsì, wọ́n ń kọ́ nípa ogun ayé àtijọ́ lọ́wọ́. Ìwé ìtàn fi ìlà méjì péré sọ nípa ìlú kékeré kan tí ogun Ìbàdàn fọ́, ó sì kọjá lọ. Jamilah ní kí wọ́n gbọ́ bó ṣe máa ń rí fún àwọn tó wà nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀. Ó ṣí ìwé olorì. Ìlú ti tú, ọba ti kú, olorì ń sá lọ pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ lẹ́yìn. Jagun kan láti Ìbàdàn, tó ti jẹun nínú ààfin yẹn rí nígbà tí kò tíì sógun, gbẹ́ṣin dí i lọ́nà, ó ní kó sọ ọmọ kalẹ̀. Ìwé ò dárúkọ Jagun. Ṣùgbọ́n akígbe rẹ̀ ń kì í lọ níwájú: ọmọ afẹṣin-pupa-dí-bodè, ọmọ abìjà-wàrà-bí-òjò-ìrọ̀lẹ́.

Bí Jamilah ṣe ka ibẹ̀ tán báyìí, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Mutmainnah fò dìde.

"Anti! Oríkì ilé wa nìyẹn o! Òun ni ìyá àgbà fi máa ń jí mi láràárọ̀!"

Gbogbo kíláàsì yíjú sí i. Lẹ́yìn náà ni ọmọ kan láti ẹ̀yìn kígbe pé, "Áà, a jẹ́ pé gbọ́mọgbọ́mọ ni bàbá ńlá yín!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Jamilah pariwo, ó gbá tábìlì, ó ní àròsọ ni, wọn ò gbọ́. Láti géètì ilé ìwé títí dé Oríta-mẹ́rin ni wọ́n ń sọ gbọ́mọgbọ́mọ tẹ̀ lé ọmọ ọlọ́mọ lẹ́yìn. Ó sì sunkún wọlé.

Bàbá, ẹ mọ ilé tí ọmọ yẹn sunkún wọ̀. Agboolé Jagun Sògúnlékè ni, lókè Ọjà'ba níbẹ̀. Ọmọ-ọmọ Mógàjí Yẹ̀kínì ni, olórí agboolé náà fúnra rẹ̀, tí ẹ̀yin àti ẹ̀ jọ kéwú ní kékeré. Nílẹ̀ Ìbàdàn yìí, ta ni yóò sọ pé bàbá ńlá ẹnìkan jí ọmọ gbé, tí yóò lọ sùn? Ológun tó ti kú láti ọgọ́rùn-ún ọdún ṣì ń jẹ oyè lára àwọn ọmọ rẹ̀. Mutmainnah sì ti ka ẹ̀yìn ìwé náà. Ó sọ fún wọn nílé pé Ishaq Àlàdé ló kọ ọ́.

Wọ́n rán ọkùnrin méjì sí Muhydeen ní ṣọ́ọ̀bù. Wọn ò jókòó, wọn ò gba omi.

"Bàbá yín ló kọ̀wé bú bàbá wa?"

Muhydeen ní ẹni tó di ìwé kọ́ ló kọ ọ́. Wọ́n ní kó fi orúkọ ẹni tó kọ ọ́ hàn wọ́n. Kí ló fẹ́ fi hàn? Wọ́n ní Mógàjí ní kí Jamilah gbé ìwé náà wá síwájú ẹbí lọ́jọ́ Àìkú. Bí kò bá wá, tàbí tó wá tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò tẹ́ wọn lọ́rùn, Mógàjí yóò dìde níbi àdúà ọdún kẹta yín.

Ẹ mọ ìtumọ̀ ìyẹn ju àwa lọ. Bí wọ́n bá pé jọ síbi àdúà òkú, Ààfáà á bèèrè bóyá ẹnì kan wà níjòókòó tí òkú ṣẹ̀, kó foríjì í, kí ara lè tu òkú ní sàréè. Gbogbo èrò á dáhùn pé àwọn foríjì í. Láti ìgbà tí a ti ń lọ síbi àdúà, a ò tíì rí ẹni tó dìde rí pé òun ò foríjì. Mógàjí Yẹ̀kínì ní òun ó dìde! Ó ní òun ó sọ ọ́ létí gbogbo ènìyàn pé ó di Ọjọ́ Àlùkìyámọ̀ kí òun àti Ishaq tó yanjú rẹ̀.

Ẹ̀rù bà wá, Bàbá. Ẹ má rò pé ìjà là ń bẹ̀rù. Àwọn tí yóò jà, a lè sá fún wọn, a lè ké sí ọlọ́pàá. Ẹ̀yin là ń bẹ̀rù fún. Ẹ ti wà nínú ilẹ̀, ẹ ò lẹ́nu láti fi ro tẹnu yín, wọ́n sì fẹ́ di ẹ̀ṣẹ̀ lé yín lórí nítorí ìwé tí ọmọ yín gbé jáde.

Ìyá wa ò jẹun bó ṣe yẹ mọ́. Bí ọ̀kadà bá rọra níwájú ilé, Jamilah á sáré wọ yàrá. Ó pa ọ̀nà Ọjà'ba tì, ó ń gba Òkè Padre lọ sílé ìwé, ọ̀nà tó jìn tó sì gun. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Mutmainnah níwájú kíláàsì, ọmọ náà ò gbójú sókè. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé ìwé náà lọ síbi àdògán ìyá wa láti jó o. Ó dúró tì í títí iná fi kú. Orúkọ yín ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ta ló fẹ́ dáná sun orúkọ bàbá rẹ̀?

Ọjọ́ Àìkú pé. Òun àti Muhydeen lọ. Ó fi aṣọ funfun wé ìwé náà mọ́ra bí ọmọ tuntun. Ní agboolé Jagun, àwọn àgbà jókòó sí gbọ̀ngàn, àwọn ọ̀dọ́ dúró dí ẹnu ọ̀nà. Mógàjí Yẹ̀kínì wà láàárín, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń fi oríkì jí Mutmainnah wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń ka tẹ̀sùbáà. Jamilah kúnlẹ̀, ó tú aṣọ funfun kúrò lára ìwé.

"Ka ibi tí bàbá ẹ ti bú wa," ni Mógàjí wí.

Ó kà á. Nígbà tó dé ibi tí Jagun ti gba ọmọ lẹ́yìn olorì, àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Muhydeen ti ń wo ọ̀nà tí àwọn lè gbà sá. Jamilah bá wólẹ̀.

"Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n ka orí tó tẹ̀ lé e. A ò tíì dé bẹ̀ ní kíláàsì. Jagun ò ta ọmọ náà, ó ṣe é lóore ni!"

Mógàjí mi orí pé kó máa kà. Jamilah rò pé òun ti rí ibi àbáyọ, ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ó kà á pé olorì ò bẹ Jagun pé kó dá ẹ̀mí òun sí. Ohun kan ṣoṣo ló tọrọ, pé kí wọ́n má jẹ́ kí ọmọ òun jẹ àparò láé, nítorí èèwọ̀ ìdílé ọba ni. Jagun fi idà rẹ̀ búra fún un. Ó gbé ọmọ náà wá sílé, ó kọ ilà ojú tirẹ̀ fún un, ó fi í sáàárín àwọn ọmọ tó bí, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni títí ó fi kú.

Tẹ̀sùbáà já bọ́ lọ́wọ́ ìyá àgbà.

"Ó tó," ni Mógàjí wí. "Pa ìwé dé."

"Ẹ jẹ́ ó kà á tán, Bàbá!" ni ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wí. "Ibi èébú gan-an ò tíì dé!"

"Mo ní ó tó. Ẹ bọ́ síta, gbogbo yín."

Wọ́n kùn, ṣùgbọ́n wọ́n jáde, Muhydeen náà bá wọn jáde. Ó ku Mógàjí àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àti Jamilah lórí ìkúnlẹ̀. Ọmọ náà ń retí kí wọ́n gbá a létí. Ohun tó rí ni pé Mógàjí sún àga rẹ̀ mọ́ ọn.

"Ta ló sọ fún Ishaq?"

Jamilah ní òun ò mọ̀. Mógàjí wo ẹnu ọ̀nà kó tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ pátápátá.

"Nínú agboolé yìí, ojúlé tiwa nìkan ni kì í jẹ àparò. Àwọn ojúlé yòókù ń jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá bi wá nídìí, bàbá mi ní ká sọ pé òórùn rẹ̀ ni kò bá wa lára mu. Èmi àti Ishaq jọ lọ síbi ìkómọ kan nígbà tí a wà lọ́mọdé, wọ́n gbé àparò ka iwájú wa, n ò fọwọ́ kàn án. Ó wò mí. Kò bi mí ní nǹkan kan."

Bàbá, ìgbà náà ni Jamilah tó mọ ohun tó gbé wọ ilé onílé. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Jagun nípa ẹ̀jẹ̀ ló lè jókòó sórí àga mógàjí lágboolé yẹn, orí àga yẹn sì ni ojúlé Yẹ̀kínì ti jókòó láti ayé bàbá rẹ̀. Bí àwọn ojúlé yòókù bá gbọ́ orí ìwé tó tẹ̀ lé e yìí, tí wọ́n rántí àparò, tí wọ́n ní ọmọ olorì yẹn ló bí ojúlé Yẹ̀kínì, àwọn tó dúró dí ẹnu ọ̀nà nítorí èébú bàbá wọn ni yóò kọ́kọ́ yọ ọ́ lórí àga. Wọ́n á pè é ní ọmọ ẹrú. Wọ́n á pe Mutmainnah náà bẹ́ẹ̀. Bóyá òótọ́ ni o, bóyá kì í ṣe òótọ́! Àròsọ ni. Ta ló máa dúró gbọ́ pé àròsọ ni?

"Ṣé kí n jó o, Bàbá?" ni Jamilah bi Mógàjí.

"Má jó o. Ẹni tó bá jó nǹkan, wọ́n á bi í pé kí ló jó. Dá a padà síbi tí Ishaq gbé e sí, má sì kà á fún ẹnikẹ́ni mọ́."

Jamilah bèèrè pé ti àdúà ńkọ́. Mógàjí ní kó máa lọ. Bó ṣe di ojúmọ́ tí àdúà bọ́ sí nìyẹn, tí a ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Nílé ìwé, àwọn ọmọ ń bèèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọmọ olorì. Ó sọ fún wọn pé ikán ti jẹ ìyókù. Tíṣà ìtàn!

Ọjọ́ àdúà, èrò pọ̀. Mógàjí Yẹ̀kínì wá, ó jókòó síwájú pátápátá, àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ìyá wa ń wò ó láti ẹ̀yìn. Nígbà tí Ààfáà dé ibi tó ti ń bèèrè ẹni tí Ishaq ṣẹ̀, kí èrò tó lanu, Mógàjí fọ̀pá tilẹ̀, ó dìde. Muhydeen di ọwọ́ Jamilah mú.

"Ishaq Àlàdé ò ṣẹ̀ mí," ni Mógàjí wí. "Ilé Jagun ò ní nǹkan kan lọ́rùn rẹ̀. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí àlùjáńnà."

Ó jókòó padà. Àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ ń wo ara wọn. Àmín tí èrò ṣe lọ́jọ́ náà, bóyá ẹ gbọ́ ọ níbi tí ẹ wà. Ìyá wa sunkún títí ìbòrí rẹ̀ fi tutù.

Ó yẹ kí ẹ̀rù ti tán, àbí? Kò tán. Jamilah ti gbé ìwé padà sókè, ṣùgbọ́n kó tó gbé e síbẹ̀, ó ka ìyókù rẹ̀ tán lóun nìkan. Nínú rẹ̀, ọba tó kú yẹn ní ọmọbìnrin kan tí ó máa ń pè ní Àbẹ̀kẹ́ Ìyẹ̀wù. Bàbá wa! Kò sí ẹlòmíràn láyé yìí tó ń pe Jamilah ní Àbẹ̀kẹ́ Ìyẹ̀wù bí kò ṣe ẹ̀yin. Ṣé inú ìwé lẹ ti mú orúkọ náà fún un ni, àbí inú ilé wa lẹ ti mú un lọ sínú ìwé? Jamilah ti wá ìwé yẹn kiri lọ́dọ̀ gbogbo ẹni tó ń tàwé ní Ògùnpa àti Bẹẹrẹ. Kò sí ẹni tó rí irú rẹ̀ rí. Ó sọ fún wa pé bóyá ẹ̀yin gan-an lẹ kọ ọ́.

A ò bẹ̀rù yín rí nígbà tí ẹ wà láyé. Ọdún kẹta ikú yín la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rù yín. À ń wo àwọn ìwé yòókù lórí pẹpẹ, gbogbo àwọn ọba àti olorì wọ̀nyẹn, a ò mọ ilé tí ìkọ̀ọ̀kan wọn ti wá, a ò sì lè fọwọ́ kàn wọ́n.

Síbẹ̀, Bàbá, bí ẹ bá kan ilẹ̀kùn nísinsìnyí, gbogbo wa la máa sáré lọ ṣí i, Jamilah ló sì máa kọ́kọ́ débẹ̀. Kò ní bi yín léèrè ìwé kankan. Á gba bàtà lẹ́sẹ̀ yín, á bi yín bóyá ẹ ti jẹun.